Ẹrù Ta Ni Kọ̀ǹpútà Wa Ń Dì?

Ìlà kan ṣoṣo ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wò lójú kọ̀ǹpútà náà: update-initramfs: Generating /boot/initrd.img-6.6.31+rpt-rpi-2712. A wò ó títí, kò yí padà. Ọ̀kan nínú wa jáde lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà agànyìn lẹ́nu géètì, ó padà dé, a jẹ ẹ́ tán, a fọ ọwọ́. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé 2712 tó wà ní ìparí ìlà náà ti di v8. A tún jókòó. Nígbà tó ṣe, ìlà mìíràn yọ tó fi hàn pé ó ti ń da fáìlì náà kọ sínú /boot/firmware. Ẹnì kan ní, "Ó ti parí nìyẹn." Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tí iná fi lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú oṣù kẹfà ọdún 2024. A ká wáyà wa, a sì lọ sílé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde lè má mọ ohun tí a ń bá kiri, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé díẹ̀. Raspberry Pi 3 mẹ́ta la ní. Méjì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó báyìí, tó ní eruku lásán ni wọ́n ń gbà lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀kẹta la dáwó jọ rà ní tòkunbọ̀. Odidi kọ̀ǹpútà ni Raspberry Pi, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju káàdì ATM lọ. Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní 2012, irú tiwa yìí sì jáde ní 2016. Gígábáìtì 1 péré ni mẹ́mórì rẹ̀, kò ní hard disk, orí káàdì pẹlẹbẹ bíi ti fóònù ni gbogbo ohun tó mọ̀ wà.

Kiwix la fi sórí wọn. Òun ni sọ́fítíwìà tó ń jẹ́ kí ènìyàn ka Wikipedia láìsí dátà: a ó ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó bá wà nítòsí á sì máa kà á lórí Wi-Fi tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ń gbé jáde. Ilé ìwé girama kan tí kò jìnnà sí ọjà Odò-Orí nílùú Ìwó níbí gbà wá láyè. Wọ́n ní yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ mẹ́jọ tó ń tàn, wọn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. A sọ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní Odídẹrẹ́, torí ẹyẹ yẹn ni wọ́n mọ Ìwó mọ́, àti torí pé iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò ju kó máa tún ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ sọ. Èkejì ń jẹ́ Ọbà, orúkọ odò wa. Ẹ̀kẹta kò ní orúkọ, nítorí ìjà.

Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé náà, ìyá kan tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí, ti bi wá ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a dé ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi ẹ̀rọ kan hàn wá tó ti pọ́n fún eruku. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Àwọn kan ti gbé èyí wá rí. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ, ó sì dákẹ́. Ṣé tiyín náà kò ní dákẹ́ bí ẹ bá ti lọ tán?" A dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin àárín wa kúnlẹ̀, a ní, "Rárá o, Mà."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Jímọ̀ yẹn, Odídẹrẹ́ kò jí.

NECO ku ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ SS3 ti tò sí yàrá kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìwé àjákọ wọn. A so ẹ̀rọ náà mọ́ móníto, ohun tó kọ síbẹ̀ ni Initramfs unpacking failed, ó sì dúró síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú bi wá pé, "Bọ̀dá, ṣé kò ní ṣiṣẹ́ lónìí ni?" Bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ wò. Mọ̀mí dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sọ nǹkan kan. Ì bá sàn fún wa ká ní wọ́n sọ̀rọ̀.

Ó yẹ ká sọ ohun tí fáìlì yìí jẹ́. Tí ènìyàn bá tan kọ̀ǹpútà Linux, kẹ́nẹ́lì ló kọ́kọ́ ń jí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣí ilé, ìyẹn káàdì tàbí disk tí gbogbo nǹkan wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ ilé, ìyẹn dráífà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka disk náà, wà nínú ilé tó wà ní títì. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń di báàgì kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ sí. Báàgì yẹn ni initramfs. Kẹ́nẹ́lì á tú u sínú mẹ́mórì, á mú kọ́kọ́rọ́, á ṣílẹ̀kùn, á wọlé. Nígbàkígbà tí kẹ́nẹ́lì tuntun bá dé, wọ́n á tún báàgì náà dì láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná lọ lórí tiwa nígbà tí wọ́n ń gbé báàgì náà sẹ́nu ọ̀nà. Ìdajì báàgì ni kẹ́nẹ́lì bá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò pẹ́, ìtìjú rẹ̀ ló pẹ́. A yọ káàdì náà, a kì í bọ ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù wọn, a ṣí fáìlì config.txt, a fi àmì # síwájú ìlà tó ní auto_initramfs=1, kí ẹ̀rọ náà má bàa wá báàgì kankan. A dá káàdì padà, a tan án, Odídẹrẹ́ jí wàì. Ọmọ náà rí kíndìnrín rẹ̀ wò.

Àwa la wá ń wo ara wa. Kí ló ṣẹlẹ̀? Tí ẹ̀rọ yìí bá lè jí láìsí báàgì, kí ni báàgì náà wà fún? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn tó ṣe kẹ́nẹ́lì Raspberry Pi ti rán kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn lápò: dráífà SD káàdì àti ti ext4 wà nínú kẹ́nẹ́lì fúnra rẹ̀. Títí di ọdún 2023, ẹ̀rọ wọn kì í di báàgì kankan. Nígbà tí ẹ̀dà Bookworm ti Raspberry Pi OS jáde ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni dídì ẹrù wá di ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ní ẹjọ́ ti parí, ká da báàgì nù, ká máa lọ. Díẹ̀ ló kù ká gbà. Ẹni tó kéré jù láàárín wa ló ní ká dúró ná. Ó ní báàgì kọ́ ni ọ̀tá wa, iná ni. Ìlú tí iná ti ń lọ tí ń bọ̀ ni a gbé ẹ̀rọ yìí sí, ọmọ ilé ìwé sì lè fa wáyà yọ nígbàkúùgbà láti fi ṣaájì fóònù. Ohun tó lè gba káàdì lọ́wọ́ irú ìyẹn ni overlayroot: a ó ti káàdì pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan sí i, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá fẹ́ kọ á wà nínú mẹ́mórì, bí iná bá lọ, ìyẹn á parẹ́, káàdì á wà bó ṣe wà. Ó wà nínú raspi-config, kò le láti tàn. Ṣùgbọ́n inú báàgì ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ yẹn ti ń wáyé, kí ilé tó ṣí. Láìsí initramfs, kò sí overlayroot.

Nítorí náà, a nílò báàgì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹ̀rọ wa, kó má bàa kú. A sì ní láti lè tún un dì láàárín ìgbà tí iná fi máa ń wà. Ìṣẹ́jú 19 ni ó ń gbà wá láti dì í fún kẹ́nẹ́lì méjèèjì. Ìyẹn kò ṣeé gbé.

A ní láti jẹ́wọ́ pé a ti mọ ẹni tí a fẹ́ dá lẹ́bi kí a tó wọn ohunkóhun. Ẹnì kan ní íntánẹ́ẹ̀tì ni. Irọ́, torí gbogbo nǹkan ti wọlé tán kí ìlà yẹn tó yọ. Ẹnì kan ní káàdì ayédèrú ni bọ̀dá tó ń ta fóònù tà fún wa. Ẹnì kejì ní ẹ̀rọ náà ti darúgbó ni, 2016 kì í ṣe àná. Ọ̀sẹ̀ kan la fi ń bá ara wa jiyàn nínú WhatsApp kí ẹnikẹ́ni tó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àṣẹ àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ dójú tì wá. vcgencmd get_throttled ni, ó dáhùn pé 0x50005. A wo ìtumọ̀ rẹ̀: iná tó ń wọlé kò tó, ó sì ti sọ ọpọlọ ẹ̀rọ di ìlọ́ra, ó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Bí iná tó dé ọ̀dọ̀ Raspberry Pi bá ti wálẹ̀ ju fóltì 4.63 lọ, ẹ̀rọ náà á dín eré rẹ̀ kù kó má bàa dákẹ́. 1.2 GHz ni tiwa yẹ kó máa sá, 600 MHz ló ń sá. Ṣájà fóònù la fi ń gbé e, wáyà rẹ̀ sì tín-ín-rín bí okùn ìrun. Ṣájà tó yẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ lè gbé ámpù 2.5. A yá ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa, a tún báàgì dì: ìṣẹ́jú 13. A ò tíì ṣe nǹkan kan nínú Linux o, wáyà lásán la pààrọ̀.

Lẹ́yìn náà la fi time síwájú àṣẹ wa: time sudo update-initramfs -u. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì lò ó rí, iye mẹ́ta ló máa ń sọ. Real ni àkókò tó kọjá lójú agogo ògiri. User àti sys ni àkókò tí ọpọlọ ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ gan-an. Fún kẹ́nẹ́lì kan, real tiwa lé ní ìṣẹ́jú 6, user àti sys pọ̀ kò tó ìṣẹ́jú 3. Níbo ni ìyókù lọ? A ṣí ojú ìwé kejì, a tẹ vmstat 1, a ń wo ìlà wa bó ṣe ń gòkè. Ìlà yẹn ni àkókò tí ọpọlọ fi káwọ́ lẹ́rán, tó ń dúró de káàdì. Bí akọ̀wé tó yára tó ń dúró de ẹni tó ń gbé fáìlì wá láti ilé kejì.

A dán káàdì náà wò pẹ̀lú f3, sọ́fítíwìà tí wọ́n fi ń mọ káàdì tó ń purọ́ nípa ìwọ̀n rẹ̀. Káàdì náà kò purọ́. Bọ̀dá tó ń ta fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá. Ó kàn lọ́ra ni. Káàdì tó ní àmì A1 lára gbọ́dọ̀ lè kọ nǹkan kéékèèké ní ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa kò ní àmì kankan. Fọ́tò ńlá kan, fídíò kan, á gbà á wéré. Fáìlì kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń pa á.

Kí ló wá ń kọ fáìlì kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Ibí la ti rí ohun tó dùn mọ́ wa jù. Wọ́n máa ń bá wa sọ̀rọ̀ initramfs bí ẹni ń sọ awo, ṣùgbọ́n mkinitramfs tó ń dì í kò ju ìwé shell lásán lọ. Ẹni tó bá ti gba kọ́ọ̀sì Linux kan lè jókòó kà á tán. A kà á. Kí ó tó di báàgì, ó máa ń tẹ́ gbogbo ẹrù náà sílẹ̀ nínú /var/tmp, níkọ̀ọ̀kan, kó tó wá kó o pọ̀. /var/tmp sì wà lórí káàdì. Ìyẹn ni pé ó ń ti orí káàdì kó ẹrù, ó ń tẹ́ ẹ sórí káàdì, ó tún ń kà á padà láti orí káàdì. A fi tmpfs sí /tmp kó jẹ́ pé inú mẹ́mórì ni yóò máa tẹ́ ẹrù sí, a sì kọ TMPDIR=/tmp síwájú àṣẹ náà. Kẹ́nẹ́lì kan wálẹ̀ sí bíi ìṣẹ́jú 3. Ẹ ṣọ́ra tí mẹ́mórì yín bá kéré ju tiwa lọ, kí ẹrù má lọ kún ilé.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó kù ni pé ẹrù kí ni? Ẹ rántí ọjọ́ tí màmá yín di ẹrù fún yín lọ sí 100 level. Ghana-must-go mẹ́ta. Wọn kò mọ irú yàrá tí ẹ ó bá níbẹ̀, torí náà wọ́n kó gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn lè nílò láyé: ìkòkò, àdògán, òróró, àtùpà, ẹ̀wù òtútù, àti odó kékeré tí ẹnikẹ́ni kò lò rí. Nígbà tí ẹ dé 300 level, àpò ẹ̀yìn kan lẹ fi wọlé. Nínú fáìlì /etc/initramfs-tools/initramfs.conf, ìlà kan wà tó ní MODULES=most. Màmá nìyẹn. Dráífà fún oríṣiríṣi disk àti ẹ̀rọ tí kò sí lára wa, tí kò sì lè sí lára wa láéláé, ló ń kó. A yí i sí MODULES=dep, ìyẹn ni pé kó wo ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀, kó kó ohun tí ìyẹn nílò nìkan. A kọ overlay sínú fáìlì modules tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má bàa gbàgbé èyí tí gbogbo wàhálà yìí torí rẹ̀ wáyé.

A ò ní fi màmá ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Káàdì kan náà ni àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ènìyàn lè yọ kúrò nínú ẹ̀rọ kan, kó kì í bọ òmíràn, kó sì jí. MODULES=dep kò ṣèlérí ìyẹn. Ẹni tó mọ yàrá tó ń lọ nìkan ló lè dín ẹrù kù.

Ohun tó mú wa bínú ni 2712. A ti ń wo orúkọ yẹn láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn láì béèrè ohun tó jẹ́. BCM2712 ni orúkọ ọpọlọ Raspberry Pi 5. Kẹ́nẹ́lì méjì ni Bookworm máa ń kó wá, v8 fún irú tiwa, 2712 fún Pi 5, báàgì méjì sì ni ó ń dì ní gbogbo ìgbà. Kò sí Pi 5 kankan lọ́dọ̀ wa. Kò sí ní ilé ìwé náà. Bóyá ó wà ní Ìwó, a ò tíì rí i. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, gbogbo àkókò tí a fi ra ẹ̀wà tí a fi jẹ ẹ́, ẹrù ẹlòmíràn ni ẹ̀rọ wa ń dì. Ká ní tiwa nìkan ló dì ni, á ti parí tipẹ́ kí iná tó lọ. A fi apt purge yọ linux-image-rpi-2712 àti àwọn tó bá a rìn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ uname -r kí ẹ mọ èyí tí ẹ̀rọ yín ń lò, kí ẹ má lọ yọ tiyín.

A tún fọwọ́ kan bó ṣe ń fún ẹrù náà pọ̀. Zstd ló ń lò, èyí tí Yann Collet ṣe ní Facebook (òun náà ló ṣe LZ4, ọwọ́ ọkùnrin náà mà dára o). A kọ COMPRESSLEVEL=1 kó má fún un pọ̀ jù. Ọ̀kan nínú wa ti fi ọjọ́ méjì sọ pé ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro wà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú àáyá 5, torí ẹrù náà ti kéré kí a tó débẹ̀. A ò ní dárúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí a wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, ìṣẹ́jú àáyá 38 ni, gbogbo rẹ̀ pátá.

A mú àmì # kúrò nínú config.txt, a tan overlayroot, a sì ṣe ohun tí a ti ń bẹ̀rù: a fa wáyà Odídẹrẹ́ yọ nígbà tí àwọn láptọ́ọ̀pù mẹ́jọ ń kà á lọ́wọ́. A ṣe é ní ìgbà mẹ́wàá. Ìgbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló jí. Tí a bá fẹ́ ṣe update báyìí, a ó pa overlayroot ná, a ó fi power bank gbé ẹ̀rọ náà, a ó ṣe é, a ó tún tan án. Káàdì kejì tó jọ ti inú rẹ̀ gẹ́lẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ Mọ̀mí, pẹ̀lú bébà kan tí a kọ ọ́ sí, ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a gbé bébà náà fún wọn, Mọ̀mí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, "Bí a bá fẹ́ pa á ńkọ́?"

A ní, "Ẹ kàn pa iná ògiri, Mà."

"Láì ṣe nǹkan kan sí i ṣáájú?"

"Láì ṣe nǹkan kan, Mà."

Wọ́n wò wá fún ìgbà díẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n pa iná ògiri, wọ́n sì tàn án padà. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó síwájú rẹ̀. Wọn kò dìde títí ó fi jí.

Ọbà náà ti wà ní yàrá tó kàn ní ilé ìwé kan náà. Ẹ̀kẹta ṣì wà lórí tábìlì wa ní họ́sítẹ́lì. MODULES=most ló wà nínú rẹ̀, 2712 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí òun ni a fi ń ṣe káàdì fún ẹ̀rọ yòówù tó bá tún dé ọwọ́ wa. Ó lọ́ra bí ìgbín. Ẹnì kan ní ká máa pè é ní Màmá, a sì tún ti ń jà.